Bí ẹ ṣe lè fi gbòǹgbò Látìn kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní kúrò lórí yín

Àwọn tó ń múra ìdánwò JAMB, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Marina àti àwọn òbí tó ń kọ́ ọmọ wọn nílé ló ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí léraléra: "Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ni mò ń há sórí lójúmọ́. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, méjì péré ló ń ṣẹ́kù. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?"

Ohun tí kò dáa níbẹ̀ ni pé ẹ ń kọ́ ọ̀rọ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Ìdílé ìdílé ni kí ẹ máa kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn tí wọ́n ń lò ní kóòtù, ní ọsibítù, ní báǹkì àti nínú ìwé ìdánwò, èdè Látìn ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, àwọn mìíràn sì gba inú Faransé kọjá kí wọ́n tó dé. Gbòǹgbò kan lè bí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Tí ẹ bá ti mọ gbòǹgbò yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí yín mọ́.

## Yorùbá ni kí ẹ fi so ó

Ẹ ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti kékeré. Ara "mọ̀" ni ìmọ̀, onímọ̀, ọ̀mọ̀wé àti àìmọ̀kan ti jáde, kò sì sí ẹni tó jókòó kọ́ yín ní ìtumọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí "mọ̀" ń ṣe fún Yorùbá ni spect ń ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ spect ni "wò". Ẹ wá wo àwọn ọmọ rẹ̀:

- spectator: ẹni tó ń wò. Òǹwòran gan-an nìyẹn.
- inspect: in ni inú. Ká wo inú nǹkan, ká yẹ̀ ẹ́ wò.
- expect: ex ni ìta. Ẹni tó ń retí àlejò, ṣebí ìta ló ń wò? Àwa náà máa ń sọ pé a ń wọ̀nà fún ẹnì kan.
- retrospect: retro ni ẹ̀yìn. Wíwo ẹ̀yìn wò.
- circumspect: circum ni yíká. Ẹni tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì kó tó gbé ẹsẹ̀.
- suspect: sub ni abẹ́, lẹ́tà b rẹ̀ ló ti jábọ́. Wíwo ènìyàn láti abẹ́ ojú, torí pé ara ń fu wá sí i.
- despise: de ni ìsàlẹ̀, spise sì ni spect tó ti gba ilé Faransé kọjá. Fífojú wo ènìyàn nílẹ̀, fífojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Àwọn ará Róòmù àti àwọn baba wa kò jọ ṣèpàdé lórí èyí o, àmọ́ ojú náà ni àwọn méjèèjì fi ṣe àpèjúwe ìfura àti ẹ̀gàn. Torí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ gbòǹgbò sílẹ̀, ẹ má kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún jẹ́ ẹrù mìíràn tí ẹ máa há sórí, ṣùgbọ́n "wò" ti wà lẹ́nu yín kí ẹ tó mọ ilé ìwé.

## Ohun tí ẹ nílò

- Ìwé ìkọ̀wé kan tó ní ewé 60. Ojú ewé méjì fún gbòǹgbò kan.
- Bírò pupa fún gbòǹgbò, bírò búlúù fún ìyókù, pẹ́ńsù fún ohun tí ẹ rò kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò.
- Díkṣọ́nárì tó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Èyí tó kéré tó ń wọ àpò kì í sábà sọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù ní Yábàá, ẹ ṣí i kí ẹ tó sanwó: ẹ wá ọ̀rọ̀ bíi "predict", kí ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ L tàbí Latin síbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ dá a padà fún oníwèé.
- Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́. Wákàtí méjì ní ọjọ́ Sátidé nìkan kò lè dípò rẹ̀.

## Bí ẹ ṣe máa ṣe é

1. Ẹ mú gbòǹgbò mẹ́ta péré fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá mú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà máa ń da tract pọ̀ mọ́ duct, á sì pa méjèèjì tì. Méjìlá yìí tó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́:

- port, gbé: import, export, transport, portable, deport
- spect, wò: ẹ ti rí i lókè
- dict, sọ: predict, dictate, contradict, verdict, edict
- scrib tàbí script, kọ: describe, subscribe, prescription, manuscript
- duc tàbí duct, darí: conductor, introduce, reduce, deduct
- rupt, já: interrupt, erupt, disrupt, abrupt
- mit tàbí miss, rán: submit, transmit, dismiss, mission
- ject, jù: reject, inject, eject, project
- tract, fà: tractor, attract, extract, distract
- cred, gbàgbọ́: credit, credible, incredulous
- aud, gbọ́: audience, audible, auditorium
- ped, ẹsẹ̀: pedestrian, pedal, impede

Ẹ kíyè sí àwọn tó ní ojú méjì. Scrib ló wà nínú describe, script ló wà nínú description. Mit ló wà nínú permit, miss ló wà nínú permission. Ẹ kọ ojú méjèèjì pọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pàdánù ìdajì ìdílé nítorí pé ojú kan ni wọ́n mọ̀.

2. Ẹ ya ojú ewé sí mẹ́ta. Gbòǹgbò ní àárín pẹ̀lú bírò pupa, ọ̀rọ̀ Yorùbá lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ lọ sí apá òsì, ìrù ọ̀rọ̀ lọ sí apá ọ̀tún.

3. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà láti ìrù. Kì í ṣe láti orí. Ẹ jẹ́ ká fi "unpredictable" ṣe é:

- Ìrù: -able, "tó ṣeé".
- Orí: un-, "kò".
- Ọrùn: pre-, "ṣáájú, tẹ́lẹ̀".
- Gbòǹgbò: dict, "sọ".

Ẹ tò ó bí Yorùbá ṣe ń tò ó: tí kò ṣeé sọ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹyọ kan tó ṣẹ́kù, kò sí ẹyọ kan tó lé. Ìdí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìrù ni pé ìrù ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́: -or àti -er ni ẹni tó ń ṣe nǹkan, -ion ni orúkọ iṣẹ́ náà, -able àti -ible ni "tó ṣeé". Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti orí máa ń gbàgbé ìrù, á wá fi orúkọ ènìyàn sí ibi tó yẹ kí orúkọ iṣẹ́ wà.

Ẹ tún fi kọ́ńdọ́ danfo dán an wò. Conductor: -or ni ẹni tó ń ṣe é, con- ni pọ̀, duct ni darí. Ẹni tó kó èrò pọ̀ tó ń darí wọn. Láti ibẹ̀, reduce ni ká darí nǹkan sẹ́yìn kó dín kù. Introduce ni ká mú ènìyàn wọ àárín àwọn mìíràn. Deduct ni ká mú kúrò nínú iye tó wà nílẹ̀, bí báǹkì ṣe ń ṣe sí owó yín ní ìparí oṣù.

4. Ẹ kọ ohun tí ẹ rò sílẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù kí ẹ tó ṣí díkṣọ́nárì. Ẹ má fo èyí. Ọpọlọ máa ń rántí ohun tó kọ́kọ́ jà fún. Tí díkṣọ́nárì bá bá yín mu, ẹ fi bírò tẹ̀ ẹ́. Tí kò bá bá yín mu, ẹ má pa tiyín rẹ́: ẹ fà á nílà kan, kí ẹ kọ èyí tó tọ̀nà sí abẹ́ rẹ̀.

5. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sọ gbólóhùn kan tó jẹ́ ti ìgbésí ayé yín. Kó má ju ọ̀rọ̀ méjìlá lọ. "My landlord deducted the broken lock from my caution fee" dára ju gbólóhùn tí ẹ dà kọ lọ, nítorí ó ń dunni. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tẹ̀lé e: deduct from, submit to, subscribe to, distract from. Ẹni tó mọ submit tí kò mọ to kò tíì mọ̀ ọ́n lò.

6. Ẹ padà wá wò ó. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje, ọjọ́ kẹrìnlá, ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ fi ọwọ́ bo ìtumọ̀, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ nìkan. Èyí tí ẹ bá gbàgbé padà sí ọjọ́ kejì.

## Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ náà ní ìwúlò tirẹ̀

Láti Yábàá dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ Látìn pọ̀ lójú pátákó. Tí ọkọ̀ kò bá lọ, ẹ kà wọ́n.

"Bus" fúnra rẹ̀ jẹ́ ìrù omnibus, ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí "fún gbogbo ènìyàn". Omni, gbogbo, ni ẹ tún máa rí nínú omnipotent tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì: alágbára gbogbo. "Pedestrian bridge" ni afárá ẹlẹ́sẹ̀. "Terminal" wá láti terminus, ààlà tàbí òpin. Òun ló bí terminate àti interminable, ohun tí kò lópin, irú èyí tí ìlà ọkọ̀ máa ń jẹ́ ní Oṣòdì nígbà tí òjò bá ń rọ̀. CMS tí kọ́ńdọ́ ń pè ní ìdúró ọkọ̀ ní Marina, Church Missionary Society ni: miss, rán. Missionary ni ẹni tí a rán níṣẹ́. Marina wá láti mare, òkun. Ẹ so ó mọ́ submarine, ọkọ̀ abẹ́ òkun, àti maritime.

Lẹ́kí ni wọ́n ń pè ní peninsula. Paene ni "díẹ̀ ló kù", insula ni erékùṣù: ilẹ̀ tó kù díẹ̀ kó di erékùṣù. Insulate, ká ya nǹkan sọ́tọ̀ bí erékùṣù, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Lagos náà wá láti ọ̀rọ̀ Potogí tó túmọ̀ sí àwọn adágún omi, Látìn rẹ̀ ni lacus. Lagoon sì jẹ́ ti lacuna, kòtò tàbí àyè òfìfo. Tí agbẹjọ́rò bá sọ pé lacuna wà nínú òfin, ihò ló rí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan lójúmọ́ láti ojú ọ̀nà tó. Ẹ yà á sínú fóònù, kí ẹ tú u tí ẹ bá délé. Ẹ má máa yọ fóònù létí fèrèsé danfo.

## Àfòmọ́ tó ń pàwọ̀ dà

Ibí yìí ni àwọn olùkọ́ máa ń sáré kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni sípẹ́lì wà.

Ẹ rántí "oní". Tó bá pàdé iṣu, oníṣu ni. Tó bá pàdé aṣọ, ó di aláṣọ. Ẹja, ẹlẹ́ja. Ọjà, ọlọ́jà. Owó, olówó. Oní kan náà ni, ẹni tó bá pàdé ló ń sọ àwọ̀ tó máa wọ̀. Àfòmọ́ Látìn ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́:

- in- di im- níwájú p, b, m: import, immobile. Ó di il- níwájú l: illegal. Ó di ir- níwájú r: irregular.
- con-, pọ̀, di com-, col-, cor-: combine, collect, correct.
- sub-, abẹ́, di sup-, suc-, suf-: support, succeed, suffer.
- ad-, sí tàbí sọ́dọ̀, ló ń pàwọ̀ dà jù: accept, affirm, approve, assist, attract.

Àǹfààní rẹ̀ rèé: lẹ́tà méjì tó máa ń da yín láàmú ti ní ìdí. Attract ní t méjì torí pé ad fi d rẹ̀ sílẹ̀ fún t tract. Illegal ní l méjì torí pé in di il, legal sì ṣì mú l tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wá wo "accommodation" lára pátákó àwọn éjẹ́ńtì ilé. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà kọ ọ́. Ad pàdé con, ó di ac. Con pàdé modation, ó di com. Ac, com, modation: c méjì, m méjì. Ẹ ò ní ṣì í kọ mọ́.

## Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀

In- ní iṣẹ́ méjì. Nígbà mìíràn "kò" ni, bíi incredible. Nígbà mìíràn "inú" ni, bíi inject. Ẹ wo ẹ̀yìn àwọn táńkà tó ń jáde láti Àpápá: INFLAMMABLE. Ẹni tó bá fi "kò" túmọ̀ rẹ̀ máa rò pé kò lè jóná. Ọ̀rọ̀ inflame ló wà níbẹ̀, ká fi iná sí nǹkan. Ohun tó ń tètè gbiná ni. Invaluable náà kì í ṣe ohun tí kò níye lórí. Ó níyelórí débi pé a kò lè dá iye lé e. Infamous sì ni ẹni tí òkìkí burúkú ń tẹ̀lé.

Àwọn tó jọra tí wọn kì í ṣe ẹbí.

- Pediatrician kì í ṣe dókítà ẹsẹ̀. Gíríìkì ni pedi tibẹ̀, "ọmọ" ni ìtumọ̀ rẹ̀.
- Mis- inú misunderstand kì í ṣe "rán". Gẹ̀ẹ́sì àbáláyé ni, "ṣì" ni tiwa: ṣì gbọ́, ṣì mú, ṣì kọ.
- Portrait kò sí nínú ìdílé gbé. Tract ló fara pa mọ́ síbẹ̀, fífà lára.
- Port tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí ní Àpápá wá láti portus, èbúté. Ẹ má fi sí ojú ewé "gbé".
- Island kò bá insula tan rárá. Wọ́n kàn fi lẹ́tà s sí i nítorí pé ó jọ isle ni, ìdí nìyẹn tí a kì í fi pe s náà.

Ìtumọ̀ ti ṣí kúrò nílé. Prevent ni pre, ṣáájú, àti vent, wá. "Wá ṣáájú" kọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ lónìí, "dènà" ni: ẹni tó ti dé ṣáájú ló dí ọ̀nà. Candidate ni aláṣọ funfun, torí pé aṣọ funfun ni àwọn tó ń du ipò ní Róòmù àtijọ́ máa ń wọ̀. Kì í ṣe Ẹ̀yọ̀ ni JAMB ń pè o. Nítorí irú èyí ni ìgbésẹ̀ kẹrin kò ṣe gbọdọ̀ fò: gbòǹgbò ń fi ọ̀nà hàn, díkṣọ́nárì ló ń sọ bóyá ẹ ti dé.

Dída ìrù pọ̀. Incredible ni ohun tí kò ṣeé gbàgbọ́. Incredulous ni ènìyàn tí kò gbàgbọ́. Ìròyìn lè jẹ́ incredible. Ìyá yín tó ń gbọ́ ọ ló jẹ́ incredulous.

Ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Pé reject wà kò sọ pé gbogbo àfòmọ́ ló lè bá ject lọ. Tí ẹ kò bá rí i nínú díkṣọ́nárì, ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

## Ibi tí ohùn ti ń wúwo

Ọ̀pọ̀ nínú ìdílé yìí ní ohùn méjì. Tó bá jẹ́ orúkọ, iwájú ló ń wúwo; tó bá jẹ́ iṣẹ́ ṣíṣe, ẹ̀yìn ni. CONduct ni ìwà, conDUCT ni ká darí. Bẹ́ẹ̀ ni project, reject, extract, import àti suspect. Àmọ́ report, support àti respect kì í yí padà, ẹ̀yìn ni wọ́n ń wúwo nígbà gbogbo. Ẹ kọ apá tó wúwo ní lẹ́tà ńlá sínú ìwé yín.

## Nínú yàrá ìdánwò

Ìbéèrè 180 ni UTME, ìdánwò JAMB náà, ní, 60 nínú rẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí méjì ni gbogbo rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá ló kan ìbéèrè kan. Kò sí àyè láti tú ọ̀rọ̀ tán. Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ ka gbólóhùn náà ná. Ṣé ohun rere ni wọ́n ń sọ tàbí búburú?
2. Ẹ wá gbòǹgbò kan ṣoṣo tí ẹ mọ̀. Benediction: bene ni rere, dict ni sọ, ìre ni. Malediction: male ni burúkú, èpè ni.
3. Ẹ yọ ìdáhùn méjì tí kò lè ṣeé ṣe, kí ẹ mú nínú èyí tó kù.
4. Tí wọ́n bá ní kí ẹ mú òdìkejì, ẹ tún ìbéèrè kà. Ọ̀pọ̀ ló mọ ọ̀rọ̀ tó sì mú èyí tó jọ ọ́.

## Tí ọ̀nà yìí kò bá bá yín mu

Àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú Gẹ̀ẹ́sì, irú bíi put up with àti look after, kò sí nínú ìdílé Látìn. Gbòǹgbò kò wúlò fún wọn. Inú gbólóhùn ni kí ẹ ti kọ́ wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tàbí ti ìṣègùn, Gíríìkì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: cardi ni ọkàn, derm ni awọ ara, hepat ni ẹ̀dọ̀, nephr ni kíndìnrín, -itis sì ni kí ibẹ̀ wú kó sì gbóná. Ẹ ó rí èrè rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹni tí kò ní díkṣọ́nárì ńlá lè lo etymonline.com lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kó ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan jọ, kí ẹ wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà ní ọjọ́ Àìkú kí dátà má baà tán.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ẹ má dárúkọ Látìn rárá. Ẹ gé páálí sí káàdì, kí ẹ kọ port sí ọ̀kan, kí ẹ kọ im, ex, trans àti able sí àwọn tó kù. Kí ó máa tò wọ́n pọ̀, kí ó sì máa fi Yorùbá sọ ohun tó tò: gbé wọlé, gbé jáde, gbé kọjá, tó ṣeé gbé. Tó bá ti sú u, ẹ kó káàdì nílẹ̀.